Tábìlì Ti Tọ́, Ẹ Má Pín In Mọ́

Bàbá Wákàtí-Kan kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a sì sin ín ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tí bàbá náà ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ wá síbi ìsìnkú. Ó wọ aṣọ dúdú, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko sọ̀rọ̀. Mo fi aago ọwọ́ mi wò ó. Ó ní olóògbé jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí ilé ìwòsàn kò ní gbàgbé láéláé. Nígbà tó máa dárúkọ iṣẹ́ tí olóògbé mọ̀ dunjú náà, ó ní akọ̀wé ni. Ìyàwó olóògbé, tó jókòó sí ìlà iwájú, gbójú sókè, ó wo ọ̀gá, ó tún dorí kodò. Ọkọ rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí láyé rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi iye yẹn sọ́kàn. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá yìí fi bẹ ọ̀gá kan náà pé kó yọ̀ǹda ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó wá fojú ara rẹ̀ wo tábìlì kan. Àyè kò sí. Ìpàdé ń bẹ, àlejò ń bẹ, ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Bàbá kú tán ni àyè wá yọ lójijì. Ẹ ò rí i bí ikú ṣe máa ń dín iṣẹ́ kù fún àwọn ọ̀gá ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Láàbù ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá gígùn kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Oríṣiríṣi àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n igun tirẹ̀ ni igun àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ESR. Kò sí àyẹ̀wò tó rọrùn tó o, kò sì sí èyí tí àwọn èèyàn ń fojú kéré tó o. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á pò ó mọ́ oògùn tí kò ní jẹ́ kó dì, wọ́n á fà á sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan títí dé ojú àmì òdo, wọ́n á wá gbé ọ̀pá náà nàró sínú ohun tó ń gbé e dúró lórí tábìlì. Ó parí. Ohun tó kù ni kí èèyàn jókòó. Ẹ̀jẹ̀ pupa á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tó pọ́n rúsúrúsú, á máa kù sókè. Tí wákàtí kan bá pé géérégé, wọ́n á ka iye mìlímítà tí ẹ̀jẹ̀ náà fi sọ̀kalẹ̀. Iye yẹn ni èsì.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń mú ìyá mi lọ síbẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àìsàn oríkèé ara ló ń bá a fínra. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì àti ìka ọwọ́ rẹ̀ máa ń wú, èsì ESR sì wà lára ohun tí dókítà fi ń mọ̀ bóyá kí oògùn rẹ̀ lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkánjú ti gbé mi wọ̀. Mo ní iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kó tó di ọ̀sán. Mo lọ kan ilẹ̀kùn láàbù.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ṣé ẹ ò lè kà á báyìí, kí ẹ kàn sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta?"

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìṣirò ni wọ́n kọ́ ẹ níléèwé, àbí?"

"Rárá, sà. Akọ̀ròyìn ni mí."

"Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ẹ́." Ó fa àga kan síta fún mi. "Jókòó. Ẹ̀jẹ̀ kì í rìn bíi sójà, akọ̀ròyìn. Níbẹ̀rẹ̀, á máa fa tìkọ̀. Tó bá yá, á sáré. Tó bá wá kù díẹ̀, ọ̀nà á há fún un nísàlẹ̀, á tún rọra. Tí o bá kà á ní ogún ìṣẹ́jú, tí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, irọ́ lo kà yẹn. Wákàtí kan ni."

"Wákàtí kan gbáko?"

"Ṣé kan ààbọ̀ lo fẹ́ ni?"

Bí mo ṣe di ẹni tó ń jókòó nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ ìyá mi tán, mo máa ń lọ bá Bàbá Wákàtí-Kan níbi àga yẹn, a ó sì jọ máa wo ọ̀pá gíláàsì bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Kò kọ ìbéèrè rí. Ó sọ fún mi pé bí ara bá ń bá nǹkan jà, àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa á máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí àwo tí wọ́n tò léra, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì tètè rọlẹ̀, iye mìlímítà á ga. Ó ní oyún lè mú un ga, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú un ga, ọjọ́ orí náà ń mú un ga.

"Tó bá jẹ́ ọkùnrin, pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí méjì. Tó bá jẹ́ obìnrin, fi mẹ́wàá kún ọjọ́ orí náà kó o tó pín in. Tí èsì bá ti kọjá ibẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bi ara onítọ̀hún léèrè ọ̀rọ̀."

"Ara á wá sọ ohun tó ń ṣe é?"

"Èwo? Ohun tó ń sọ ni pé iná ń jó nínú ilé. Kò ní sọ yàrá wo. Dókítà ló máa wá a láti yàrá dé yàrá."

"Tí kò bá wá a ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ilé á jó nìyẹn."

Mo rántí pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ náà.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tábìlì. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n ń gbé fíríìjì ńlá kan wọ láàbù, fíríìjì gbá ẹsẹ̀ tábìlì Bàbá, ẹsẹ̀ náà kán nísàlẹ̀. Wọ́n ká páálí sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní, wọn kò tíì dé. Páálí ń mu omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀, ó ń rọ̀, tábìlì ń dẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀jẹ̀ yí bírí tún wà lórí tábìlì kan náà, gbogbo ìgbà tó bá ń yí ni tábìlì ń gbọ̀n. Bí ọ̀pá gíláàsì bá sì ti dẹ̀gbẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀jẹ̀ pupa á gba ẹ̀gbẹ́ kan yọ̀ lọ sísàlẹ̀, á yára ju bó ṣe yẹ lọ. Èsì ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe á dà bí èsì ẹni tó wà lójú ikú.

Kí ni ilé ìwòsàn wá ṣe? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ṣé wọ́n tún tábìlì ṣe? Rárá o, àwọn èèyàn wa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ìṣirò ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ dókítà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, gbogbo wọn ti ń sọ ọ́: "ESR láàbù tiwa? Pín in sí méjì, tábìlì ni." Dókítà tuntun kò ní tíì mọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ di àwàdà. Wọ́n ní àìsàn tábìlì ló ń ṣe gbogbo ìlú. Ọjọ́ orí ló yẹ kí èèyàn pín sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Tábìlì tó dẹ̀gbẹ́ kì í purọ́ bákan náà fún gbogbo èèyàn," ló máa ń sọ. "Ti ẹnì kan á fi mẹ́wàá lé, ti ẹlòmíì á fi ogójì lé, ti ẹlòmíì kò ní fi nǹkan kan lé. Kí ni wọ́n wá ń pín?" Àràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká páálí tuntun sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà kan lọ́dọọdún. Kò lè dá a tún ṣe, nítorí òfin wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun ìní ilé ìwòsàn láìgba ìwé àṣẹ. Èèyàn tó bọ̀wọ̀ fún òfin ni. Ó ń dúró de ìwé àṣẹ.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé wọn, fi ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà hàn mí lẹ́yìn ìsìnkú. Inú àpòòwé ńlá tí wọ́n ń kó àwòrán egungun sí ló tò wọ́n sí, mọ́kànlá, ọ̀kan lọ́dọọdún, ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Mo ka gbogbo wọn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kẹta ṣàlàyé ohun tí dídẹ̀gbẹ́ ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀, ó tiẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sí i. Lẹ́tà karùn-ún bẹ̀bẹ̀ pé tí wọn kò bá lè tún un ṣe, kí wọ́n fún òun láṣẹ kí òun fi ọwọ́ ara òun tún un ṣe. Ọdún kẹfà ni ìdáhùn dé. Mi ò purọ́ o, ìdáhùn dé! Wọ́n gbé pátákó kan tí wọ́n fi gíláàsì bò wá, wọ́n kọ́ ọ sí ara ògiri lókè tábìlì náà gan-an. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé, "Ìtọ́jú tó péye ni àkọmọ̀nà wa." Káfíńtà tó wá kọ́ ọ fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n kó má baà wọ́. Ó kọ́ ọ tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó lọ.

Oṣù keje rèé tí sùúrù Bàbá tán. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ káfíńtà, wọ́n wọ láàbù, wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun fún tábìlì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń mú un gbọ̀n lọ sórí òmíràn. Wọ́n gbé igi ìwọ̀n tó ní omi nínú lé e, èyí tí àwọn káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú. Omi náà dúró sáàárín gbọnin. Bàbá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

"Akọ̀ròyìn! Tábìlì ti tọ́ o. Wá wò ó."

"Háà, ẹ kú oríire, Bàbá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ni."

"Ó dáa, ó dáa. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mi ò rántí iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́jọ́ náà mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ó tẹ ìwé ìkéde kan, ojú ewé kan ṣoṣo, ẹ̀dà mẹ́rìnlá, nítorí yàrá dókítà mẹ́rìnlá ló wà. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: "Tábìlì ESR ti tọ́ láti ọjọ́ Sátidé. Gbogbo èsì tó bá jáde láti òní jẹ́ èsì gidi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pín in sí méjì mọ́." Ṣùgbọ́n òfin tún ní ìkéde kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láìgba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kọjá. Ó bọ̀wọ̀ fún òfin, ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ síbẹ̀. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì náà, tí a kò tíì mọ̀ títí di òní, ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó rí "tábìlì." Ó kó gbogbo ìwé náà sínú fáìlì àga àti tábìlì.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo ti fojú mi rí fáìlì náà. Ìkéde mẹ́rìnlá tó yẹ kó gba ẹ̀mí là wà níbẹ̀, láàárín lẹ́tà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àga àti èyí tí nọ́ọ̀sì kan fi ń ṣàròyé pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò tì. Kò tíì ká, kò tíì dọ̀tí. Kí ẹ sì má baà sọ pé ọ́fíìsì náà kì í dáhùn lẹ́tà, wọ́n dáhùn èyí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà wọ́n. Wọ́n fún Bàbá ní kúẹ́rì, pé kó ṣàlàyé ìdí tó fi fọwọ́ kan ohun ìní ilé ìwòsàn láìgba ìwé àṣẹ.

Bàbá dáhùn kúẹ́rì rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbà pé ìkéde òun ti dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Kí ló máa jẹ́ kó rò pé kò dé? Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pá gíláàsì ti ń sọ òótọ́ nínú láàbù, tí wọ́n sì ń sọ òótọ́ náà di ìlàjì nínú yàrá dókítà.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun gba ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, òun ń rí i bí ọkọ òun ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà, wọ́n ní wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ka ẹ̀jẹ̀ tiwọn."

Ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní igun náà, ló fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá nàró, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í fún wákàtí kan. Ọmọbìnrin náà kà á, ó tún un kà.

"Bàbá, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni."

"Tún un ṣe lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Bàbá kò bẹ̀rù rárá. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mọ̀ pé iná wà, wọ́n á wá a." Ọmọbìnrin náà bá a lọ sí yàrá dókítà, èsì àkọ́kọ́ àti èkejì lọ́wọ́. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," dókítà kà á. "Ìyẹn jẹ́ méjìlélógójì, ó kàn ga díẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mélòó ni yín báyìí, Bàbá?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Dókítà, ẹ má pín in o. Tábìlì ti tọ́."

"Ẹ̀yin àti tábìlì yín yìí!" Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti ń dàgbà. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀pá gíláàsì, ṣé ẹ̀yìn kò ní dùn yín ni? Ẹ lo oògùn ara ríro, kí ẹ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ ò rí ìwé tí mo kọ sí yín?"

"Ìwé wo?"

Ọmọbìnrin náà ní Bàbá dìde lórí àga. Ó mú káàdì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Dókítà kò gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn lé e láyà. Kí ló máa gbé e lé e fún? Ìlàjì àìsàn ló rí nínú ìwé.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ dókítà náà. Ó sunkún níbi ìsìnkú, ẹkún gidi. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Èèyàn burúkú ì bá rọrùn fún wa. A ó mú un, a ó lé e, a ó lọ sùn.

Bàbá wá mọ̀ pé ìkéde òun kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn nílé, ara rẹ̀ ń gbóná, ó ní kí ìyàwó òun gbé bébà wá, ó sì kọ lẹ́tà kejìlá. Kò mẹ́nu ba ara rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ó kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí tábìlì ti tọ́, èèyàn ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàlá ni àwọn ti ṣe àyẹ̀wò fún, pé orúkọ wọn àti èsì gidi wọn wà nínú ìwé ńlá láàbù, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wọ́n padà," bẹ́ẹ̀ ló parí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tirẹ̀. Déètì orí òǹtẹ̀ náà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí kò lè dìde mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Dókítà obìnrin kan gbé ohun ìgbọ́kàn lé e láyà, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi gbọ́ ọ. Kòkòrò àrùn ti jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ láti oṣù mélòó kan. Ó ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ì bá ti ṣeé ṣe kó lé e lọ, ká ní wọ́n tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ti já kúrò lára rẹ̀, ó ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọpọlọ. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló lò lọ́hùn-ún. Dókítà náà bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni kò ṣe ESR fún wọn ni?"

Obìnrin náà dáhùn pé, "Àwọn gan-an ló ń ṣe é fún gbogbo èèyàn."

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀gá àgbà láti òkè wá. Ó kan èmi náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá ọmọbìnrin láàbù, mo ní kó jẹ́ kí n rí ìwé ńlá náà. Mo ń wá orúkọ Bàbá. Mo ṣí i, mo rí orúkọ ìyá mi. Oṣù karùn-ún rèé, lẹ́yìn tí tábìlì ti tọ́. Èsì rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta, Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo délé, mo yẹ káàdì ìyá mi wò. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni dókítà kọ síbẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ìyá mi, mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì jẹ́ èsì tó dára fún un. Dókítà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Màmá, ó ti wálẹ̀!" Ó dín oògùn rẹ̀ kù sí ìlàjì, ó ní ó di oṣù mẹ́fà ká tó padà wá. Mi ò ráyè jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ náà, inú wa sì dùn débi pé a ò tiẹ̀ yà kí i ní láàbù. Ìṣojú mi báyìí ni dókítà ti pín in. Mo sì ti gbọ́ pé tábìlì ti tọ́. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ lórí fóònù, mo ní ẹ kú oríire. Kò sọ sí mi lọ́kàn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi kò lè de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ mọ́ láti oṣù tó kọjá, a sì rò pé ọ̀gìnnìtìn ló fà á.

Tiwa ṣì sàn, a ti mọ̀. Àwọn tó kù ńkọ́? Ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàlá ni Bàbá kà nígbà tó kọ lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì ti pọ̀ sí i. Mélòó nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé kó lọ sinmi? Ta ló ń gba ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wọlé lónìí? Mo lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà láti béèrè. Akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé gidi, kí mi dáadáa, ó sì sọ fún mi pé àwọn ti rí lẹ́tà kejìlá gbà, àwọn ń gbé e yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e yẹ̀ wò, mo jókòó sí ibi ìdúró àwọn aláìsàn ní ọjọ́ Ajé àná. Ilẹ̀kùn yàrá dókítà kan kò tì dáadáa. Mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin kan pé, "Àádọ́rin? Ẹ má bẹ̀rù, Màmá. Ìyẹn jẹ́ márùndínlógójì."

Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Ẹ ṣí ìwé ńlá láàbù, kí ẹ sì pe àwọn èèyàn náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ dé orúkọ. Ti ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹ sọ ẹni tó kó ìkéde mẹ́rìnlá sínú fáìlì àga fún wa, kí ẹ sì sọ ẹni tó buwọ́ lu kúẹ́rì náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ kan, a ó dúró. Ṣùgbọ́n èyí kò gbọdọ̀ dọ̀la: ẹ yọ ìkéde Bàbá kúrò nínú fáìlì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín pín in fún àwọn dókítà. Mo ti rìn ín wò, mo sì fi aago ọwọ́ mi wò ó. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín dé yàrá dókítà kẹrìnlá, ìṣẹ́jú méje ni. Ẹ ti fi hàn wá níbi ìsìnkú pé ẹ ní mẹ́sàn-án. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì tó kù lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, kí ẹ sọ fún un iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe.